Ìyá ọkọ mi ò fẹ́ gbọ́ pé kí wọ́n dín iyọ̀ kù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn jọ̀ọ́. Abúlé kan ní Nagano, Japan, lèmi àtọkọ mi ń gbé pẹ̀lú màmá ẹ̀, ẹni ọdún 84 tó ṣì ń lọ sóko láràárọ̀, ara wọn le ju tèmi lọ (mi ò purọ́ o). Wàhálà ibẹ̀ ni nozawana, ewé kan tí wọ́n máa ń fi iyọ̀ rẹ sínú garawa ńlá tí òtútù bá ti ń dé, màmá ò lè mu tíì láìjẹ ẹ́, ọbẹ̀ miso (ẹ̀wà sóyà oníyọ̀ ni wọ́n fi ń sè é) tún tẹ̀lé e. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ru. Mo ní mọ́mì, ṣebí àrùn rọpárọsẹ̀ pọ̀ níbí láyé ọjọ́un kí ìjọba tó ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, tí Nagano fi wá di ibi tí ẹ̀mí ti gùn jù ní Japan lọ́dún 2010? Wọ́n ní ọwọ́ ìyá àwọn làwọn ti kọ́ ọ, pé ilé tí ò ní nozawana kì í ṣe ilé ará ibẹ̀. Ìyàwó ilé ni mí, mi ò fẹ́ kó jọ pé mò ń kẹ́gàn àṣà wọn. Ṣé kí n máa rọra fi omi ṣàn án ni, àbí báwo lẹ ṣe bá àwọn ìyá tiyín sọ ọ́?