Ẹ̀jẹ̀ àti abẹ́rẹ́ ni ìbẹ̀rù tèmi

Wọ́n ní kí kálukú sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ló ní ejò tàbí ibi gíga ló ń já àwọn láyà, tí ẹsẹ̀ àwọn yóò sì fẹ́ sá. Tèmi yàtọ̀, nítorí pé bí mo bá rí ẹ̀jẹ̀ tàbí tí wọ́n bá fẹ́ gún mi lábẹ́rẹ́, ńṣe ni mo máa ń dákú.

Nígbà tí èmi àti àfẹ́sọ́nà mi fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, ìjọ wa ní Àkúrẹ́ ní kí a mú èsì àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù wá, kí a má baà bí ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Oríṣiríṣi àwáwí ni mo fi ń sún ọjọ́ náà síwájú, títí ẹ̀gbọ́n àfẹ́sọ́nà mi fi bẹ̀rẹ̀ sí fura pé nǹkan kan wà tí mo ń fi pamọ́. Níkẹyìn mo fi agídí lọ sí láàbù kan nítòsí Ọ̀yẹ́mẹkùn. Bí wọ́n ti so rọ́bà mọ́ mi lápá, tí òórùn spírìtì ara òwú kàn mí nímú, òógùn tútù bò mí, etí mi ń hó, ojú mi ṣú, nígbà tí n ó sì fi lajú, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo wà, tí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ náà ń fi pépà fẹ́ mi. Kò tíì gún mi rárá.

Onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá tí mo padà lọ rí ṣàlàyé pé nínú àwọn ìbẹ̀rù yòókù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sókè ni, ṣùgbọ́n nínú irú tèmi, ó máa ń kọ́kọ́ gòkè, lẹ́yìn náà ni yóò já wálẹ̀ lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọpọlọ kò sì ní í tó. Ó tún bi mí bóyá ẹlòmíràn ní i nínú ìdílé wa, nítorí pé ó máa ń tẹ̀lé ìdílé gan-an. Mo rántí bàbá mi, tí wọ́n máa ń rántí iṣẹ́ oko ní gbàrà tí ẹnikẹ́ni bá ti ń pọ́n ọ̀bẹ láti dúńbú àgbò. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́ lójú wọn. Èmi ni wọ́n ń pè ní ojo.

Ìmọ̀ràn tí gbogbo ènìyàn ń fún mi tẹ́lẹ̀ ni pé kí n dẹ ara sílẹ̀, èyí tó dára fún ẹni tó ń bẹ̀rù ejò, ṣùgbọ́n tó lè mú kí ìdákú tèmi tètè dé. Lars-Göran Öst, onímọ̀ ará Sweden, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1980: kí ènìyàn mú iṣan apá, ẹsẹ̀ àti àyà le fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15 títí ojú rẹ̀ yóò fi gbóná, kí ó dẹwọ́ díẹ̀ fún bíi 20 sí 30, láìsùn kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ tòògbé, kí ó sì tún un ṣe ní ìgbà 5. Apá tí wọ́n fẹ́ gún nìkan ni a kì í mú le. Àwòrán abẹ́rẹ́ ni a fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà sírínjì òfìfo lọ́wọ́ mi, kí a tó dé orí ẹ̀jẹ̀ gan-an.

Mo ti ṣe àyẹ̀wò náà; AA ni mí, a sì ti ṣe ìgbéyàwó. Àyẹ̀wò ìtọ̀ ṣúgà ni mo ń bẹ bàbá mi báyìí pé kí wọ́n jẹ́ ká jọ lọ ṣe. Wọ́n ní ó di ẹ̀yìn ìkórè kòkó, bẹ́ẹ̀ ìkórè ti èṣí náà ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún mi.