Ta ló ti ṣe iṣẹ́ abẹ òkúta kíndìnrín? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ilé o. Wọn ò fi ọ̀bẹ là mí rárá. Ojú ọ̀nà ìtọ̀ ni wọ́n ti ki ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà wọlé títí dé inú kíndìnrín, wọ́n sì fi lésà fọ́ òkúta náà wẹ́wẹ́. Dókítà ní ó ti tán pátápátá. Àmọ́ nígbà tó di alẹ́, òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n mí, eyín mi ń gbá ara wọn, ara mi sì gbóná janjan. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n fà sí mi lára ló gbà mí. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún mi: nígbà tí òkúta ti kúrò, kí ló tún fa ibà?

Nọ́ọ̀sì Tíátà:
Ẹ kú ewu o, mà. Tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, ti àwọn tó ń tọ́jú kíndìnrín ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní London, èmi ni mo sì máa ń gbé àpò omi iyọ̀ kọ́.

Kámẹ́rà yẹn ò lè ríran láìsí omi. Eruku òkúta àti ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ á bò ó lójú, nítorí náà omi gbọ́dọ̀ máa ṣàn wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ti kíndìnrín lọ sí àpò ìtọ̀ há, ẹ̀rọ náà sì ti dí púpọ̀ níbẹ̀. Bí omi tó ń wọlé bá ju èyí tó ń jáde lọ, ìfúnpá inú kíndìnrín á máa ga. Lójoojúmọ́, kì í sábà ju 10 sí 15 mmHg lọ (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ náà nìyẹn). Tó bá ti tó nǹkan bí 30, omi lè padà sẹ́yìn wọ ẹran kíndìnrín, kó gba ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò tó bá wà nínú ìtọ̀, tàbí èyí tó sá pamọ́ sínú òkúta fúnra rẹ̀, á bá omi náà lọ. Dókítà yín ló lè sọ bóyá ohun tó ṣe yín nìyẹn, àmọ́ ọ̀nà tí irú ibà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbà wá nìyẹn.

Ẹ wo àpò lásán: tí mo bá gbé e kọ́ sí mítà kan lókè kíndìnrín, tí omi ò sì ríbi jáde, ó lè ti ìfúnpá dé nǹkan bí 73 mmHg. Tí wọ́n bá wá ń fi síríǹjì tì í, ó lè kọjá 100. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ké gíga àpò sókè kí gbogbo tíátà gbọ́. Oníṣẹ́ abẹ tó bá ní “ẹ jẹ́ ká dúró kó mọ́ díẹ̀” tẹ́ mi lọ́rùn ju ẹni tó ń pariwo “ẹ tì í sí i” lọ. A ò sì lè pa omi náà tì, torí lésà ń mú un gbóná, ooru sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ohun tó ń ràn wá lọ́wọ́ jù ni rọ́bà oníhò tí wọ́n kọ́kọ́ ń ki sí ọ̀nà náà: ẹ̀rọ á gba àárín rẹ̀ wọlé, omi á gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Àwọn kan ti wà báyìí tó ń fa omi àti eruku òkúta jáde. Ẹ̀rọ mìíràn tún wà, bíi LithoVue Elite, tó ń wọn ìfúnpá náà, tó sì ń gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.

Bọ̀dá Mẹkáníìkì, Ìbàdàn:
Áà! Abájọ. Wọ́n dá mi padà nílé ìwòsàn nítorí pé láàbù rí kòkòrò nínú ìtọ̀ mi. Inú bí mi gan-an, torí mo ti yáwó. Oògùn ni wọ́n fún mi lò tán kí wọ́n tó gbà láti ṣe é. Ibà ò sì ṣe mí.

Ìyá Ìbejì:
Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gan-an. Òkúta wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì o. Kí ni kí n bi wọ́n?

Nọ́ọ̀sì Tíátà:
Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti yẹ ìtọ̀ yín wò ní láàbù, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ibà ṣe yín nígbà tó kọjá. Ẹ bi wọ́n bí omi yóò ṣe máa jáde. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú bóyá wọ́n á pín iṣẹ́ abẹ náà sí ẹ̀ẹ̀mejì tí òkúta náà bá tóbi. Tí òtútù bá sì mú yín lẹ́yìn tí ẹ bá délé, ẹ má gbé parasitamọ́ọ̀lù mì kí ẹ lọ sùn. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lóru ọjọ́ náà.