Ẹ gbà mí o: ṣé firewall lè dí antivirus lọ́nà kó má baà yẹ láìsẹ́ǹsì wò?

ỌmọKíbọ́ọ̀dù:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Láìsẹ́ǹsì antivirus mi ti ń parí lọ, ó sì ti ń dà mí láàmú, gbogbo ìgbà tí mo bá tan kọ̀ǹpútà ló máa ń gbé àpótí pupa kan jáde pé kí n wá sanwó. Ẹnì kan wá ní kí n má ṣe ìyọnu, kí n kàn lọ sínú firewall Windows (ohun tó ń pinnu ètò tó lè jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì) kí n kọ òfin kan tí kò ní jẹ́ kó lè bá sáfà tó ń yẹ láìsẹ́ǹsì wò sọ̀rọ̀, pé tí kò bá ti rí ẹni bi, kò ní mọ̀ pé ọjọ́ ti pé, á kàn máa ṣiṣẹ́ lọ ni. Ó ní àwọn míì kì í tiẹ̀ fọwọ́ kan firewall, fáìlì hosts, ìyẹn fáìlì tí kọ̀ǹpútà ti ń wo àdírẹ́sì tí orúkọ ìkànnì kan ń tọ́ka sí, ni wọ́n máa ń yí. Mo ti kà á káàkiri, ẹni tó ní ó ṣiṣẹ́ wà, ẹni tó ní ó ba nǹkan jẹ́ fún òun náà wà. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá sì jẹ́ òótọ́, ṣé antivirus náà á ṣì máa dáàbò bò mí? Ẹ má bínú tí ìbéèrè yìí bá gọ̀.

BàbáSáfà:
Kò gọ̀ rárá. Ẹni tó sọ ọ́ fún ẹ ló rò pé ọ̀nà kan péré ni antivirus fi ń mọ ọjọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọjọ́ tí láìsẹ́ǹsì máa parí ti wà lórí kọ̀ǹpútà ẹ látìgbà tó o ti tẹ kóòdù ẹ sí i, wọ́n sì ti fi èdìdì dì í lọ́nà tó jẹ́ pé tó o bá yí lẹ́tà kan ṣoṣo níbẹ̀ ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Aago kọ̀ǹpútà ló ń wò, kò sẹ́ni tó fẹ́ bi. Nǹkan míì ni sáfà yẹn wà fún: bóyá kóòdù yìí ti wà lórí kọ̀ǹpútà tó ju iye tó o sanwó fún lọ, bóyá wọ́n ti fagi lé e, bóyá o ti sanwó tuntun. Tó bá wá pè é títí tí kò gbé e, ọ̀pọ̀ wọn á fún ẹ láyè díẹ̀, tí àyè yẹn bá ti tán á ṣe bíi pé òun ò mọ̀ ẹ́ rí.

Èyí tó burú jù ni ti update. Firewall Windows kò mọ ohun tí èèyàn ń sọ, ètò tó fẹ́ jáde, pọ́ọ̀tù (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tó fẹ́ gbà) àti àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà ibi tó ń lọ) ló ń wò. Ṣẹ́ẹ rí i, pọ́ọ̀tù 443 ni láìsẹ́ǹsì ń gbà jáde, òun náà ni update ń gbà, àti pé lọ́pọ̀ ìgbà ètò kan náà tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ ló ń ṣe méjèèjì. Tó o bá ní kó má jáde, o ti dí méjèèjì pa. Tó o bá ní àdírẹ́sì lo fẹ́ fi ya wọ́n, orí sáfà àjùmọ̀lò ni wọ́n máa ń kó nǹkan wọ̀nyẹn sí, tí àdírẹ́sì ẹ̀ lè yí pa dà nígbàkígbà, ohun tó o dí lónìí lè máà sí níbẹ̀ mọ́ lọ́la, o sì tún lè ti dí nǹkan ẹlòmíì mọ́ ọn. Fáírọ́ọ̀sì tuntun wá ń jáde lójoojúmọ́, tìrẹ ń wo ìwé àná. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ antivirus tí wọ́n ń tà lódidi ló ní firewall tiwọn nínú, tí wọ́n bá ti wọlé ọwọ́ wọn ni firewall wà, o wá fẹ́ ní kí ọlọ́dẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara ẹ̀ síta.

Jagunlabí:
Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, ẹ ti dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ jù. Mo mọ àwọn tó ṣe é tó sì lọ geere. Èmi ò ní kó jalè o, ohun tí mò ń sọ ni pé kọ̀ǹpútà mi ni, èmi ló yẹ kí n pinnu ohun tó máa jáde níbẹ̀ àti ohun tí kò ní jáde. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sáwọn tó ń lo Mac ní November 12, 2020, lọ́jọ́ tí macOS Big Sur jáde, sáfà Apple tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí ètò wò wá ń fà, ọ̀pọ̀ Mac káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀ sí í fà, kéèyàn ṣí ètò lásán ó di iṣẹ́. Àwọn tó gé ìlà yẹn pẹ̀lú firewall tàbí fáìlì hosts, lójú ẹsẹ̀ ni tiwọn dára. Big Sur yẹn kan náà, àwọn ètò Apple fúnra wọn ń fo firewall táwọn èèyàn fi sórí ẹ̀ kọjá, àfìgbà táwọn èèyàn pariwo kí Apple tó yọ ọ́ kúrò nínú macOS 11.2. Nítorí náà ẹ má sọ ọ́ bíi pé ẹni tó bá fi firewall dí nǹkan jẹ́ ọ̀daràn.

Àṣàkẹ́:
Bọ̀dá Jagunlabí, ẹ tọ̀nà lórí pé ta ló ni kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tẹ́ ẹ mú wá yẹn ló ń ta ko yín. Ìdí tí gígé ìlà fi tún Mac ṣe ni pé wọ́n kọ yíyẹ̀wò yẹn lọ́nà tó jẹ́ pé tí kò bá rí sáfà rárá á ní ó dáa, kí ètò máa lọ. Ẹni tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ yẹn kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí sáfà wà níbẹ̀ àmọ́ tó ń fà ni wàhálà dé. Láìsẹ́ǹsì antivirus kì í sábà rí bẹ́ẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sáfà kò túmọ̀ sí 'bẹ́ẹ̀ ni' fún un títí láé.

Ohun tó yẹ kéèyàn bi ara ẹ̀ kó tó dí ohunkóhun nìyẹn: tí nǹkan yìí ò bá rí ẹni dá a lóhùn, kí ló máa ṣe? Ẹ wo WannaCry, fáírọ́ọ̀sì tó jà ní May 2017. Kó tó ṣiṣẹ́ ibi, ó máa ń pe àdírẹ́sì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àdírẹ́sì yẹn bá dáhùn á dáwọ́ dúró, tí kò bá dáhùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ti fáìlì èèyàn pa. Nígbà tí wọ́n wá forúkọ àdírẹ́sì náà sílẹ̀ tó ń dáhùn, ibi tí firewall ti dí i nítorí pé ó jọ àdírẹ́sì fáírọ́ọ̀sì, ibẹ̀ gan-an ló ti ráyè ṣiṣẹ́. Àwọn onímọ̀ ààbò wá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má dí i.

Ti fáìlì hosts yẹn tún wá. Láti bí àárín ọdún 2020 ni Defender, antivirus tó wà nínú Windows fúnra ẹ̀, ti ń ké tó bá rí i pé ẹ ti dí àwọn sáfà Microsoft kan níbẹ̀, orúkọ tó ń pè é ni HostsFileHijack, tẹ́ ẹ bá sì gbà fún un á dá fáìlì náà pa dà sí bó ṣe wà. Ẹ má bá a jà o, àwọn fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ látijọ́. Conficker tó jáde lọ́dún 2008 kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó bá wọ̀ lè dé ìkànnì àwọn tó ń ṣe antivirus, kí wọ́n má baà rí update gbà. Ohun tí ọmọ yìí fẹ́ fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe nìyẹn, láìsí fáírọ́ọ̀sì kankan.

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i díẹ̀ nítorí ó jọ pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lẹ ń wò. Lọ́dọ̀ tiwa òdì kejì ni, a ti sanwó, àmọ́ àwọn kọ̀ǹpútà kan ò gbọdọ̀ rí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, antivirus wá ń kígbe pé òun ò rí láìsẹ́ǹsì. Irú èyí kò nílò ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó tà á bóyá wọ́n ní fáìlì láìsẹ́ǹsì tẹ́ ẹ lè gbé wọlé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà fún iléeṣẹ́ ló ní in, kẹ́ ẹ sì fi kọ̀ǹpútà kan gba update kó máa pín in fáwọn tó kù. Tí kò bá pọn dandan kẹ́ ẹ tì í pa, àwọn iléeṣẹ́ yẹn máa ń kọ orúkọ àwọn sáfà wọn síta, àwọn yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ ṣí pọ́ọ̀tù 443 fún, ó tán.

Jagunlabí:
Ó dáa, mo gbà fún Àṣàkẹ́ lórí WannaCry yẹn, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àpótí pupa yẹn ṣì ń bí mi nínú, ẹni tó ní òun ń dáàbò boni wá ń dẹ́rù bani kó lè gbowó.

ỌmọKíbọ́ọ̀dù:
Ẹ ṣé gan-an o. Tóò, owó ò sí báyìí, kí ni kí n wá ṣe? Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun lè bá mi wá èyí tí wọ́n ti kíráàkì, ìyẹn tí wọ́n ti fi ọgbọ́n yọ láìsẹ́ǹsì ẹ̀.

BàbáSáfà:
Á à, má dán ìyẹn wò! Kéèyàn lọ gba antivirus lọ́wọ́ ẹni tó ń kó fáírọ́ọ̀sì kiri? STOP/Djvu tó ń ti fáìlì àwọn èèyàn pa tó sì ń gbowó ìtúsílẹ̀, inú àwọn nǹkan tí wọ́n kíráàkì ló ti ń wọlé jù. Ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ sọ fún ẹ ni pé kó o pa antivirus ẹ ná kó o tó fi sí i.

Kò sídìí tó fi yẹ kó o jìyà. Láti Windows 8 tó jáde ní 2012 ni Defender ti wà nínú Windows gẹ́gẹ́ bí antivirus odidi, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ. Ìdí tó ò fi rí i ni pé tí antivirus míì bá ti wọlé, á yẹra fún un. Yọ èyí tó ń parí yẹn kúrò, pa kọ̀ǹpútà kó o tún un tàn, kó o wá lọ wo Windows Security, wàá rí i pé ó ti gba iṣẹ́ ẹ̀ pa dà. Ètò tí iléeṣẹ́ tó ṣe antivirus yẹn fúnra wọn gbé jáde fún yíyọ ọ́ ni kó o lò tí wọ́n bá ní in, nítorí tó o bá kàn yọ ọ́ lásán ó lè fi ìdọ̀tí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà jẹ́ kí Windows Update ṣiṣẹ́, má dí ìyẹn náà o! Tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó jí, wá fáìlì EICAR, lẹ́tà àti àmì 68 lásán ni, kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, gbogbo wọn ló gbà láti máa ké tí wọ́n bá rí i.

ỌmọKíbọ́ọ̀dù:
Mo dúpẹ́ o bàbá. Ẹyọ kan ló kù, àwọn fáìlì tí antivirus yìí ti tì mọ́lé ńkọ́? Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó dá mi lójú pé kò ní nǹkan kan nínú, iṣẹ́ mi ni.

Àṣàkẹ́:
Yọ ọ́ jáde kó o tó yọ antivirus kúrò. Ọ̀nà tiwọn ni wọ́n fi ń dì í, tí ètò náà bá ti lọ fáìlì yẹn lè bá a lọ. Tó o bá ti yọ ọ́ tán, kọ́kọ́ jẹ́ kí Defender náà yẹ̀ ẹ́ wò kó o tó ṣí i, ohun tó dá ẹ lójú lè máà dá òun lójú.