Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo ìbọn Ruger American tàbí Savage Axis, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Ògún. Láti Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé. Àbúrò mi tó wà ní Texas fẹ́ ra ìbọn bolt-action (èyí téèyàn ń fi ọwọ́ fa irin ìdí rẹ̀ kí ọta mìíràn tó wọlé) tí kò wọ́n jù, tí yóò máa fi dọdẹ àgbọ̀nrín. Ruger American àti Savage Axis ló wà lọ́kàn rẹ̀, èyí tó ń jẹ ọta .308. Èmi ló wá ń bi, torí èmi ni mo jogún iṣẹ́ baba wa. Ṣakabùlà lèmi mọ̀ ní tèmi o!

Tẹ́ ẹ bá yin ọta mẹ́ta sí ojúùran tó jìnnà tó 100 yáàdì, ṣé ìdérí ìgò lè bo ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ìdí ìbọn náà tó jẹ́ ike ńkọ́, ṣé kì í tẹ̀ kó lọ kan ọ̀pá irin téèyàn bá gbé e lé nǹkan? Ìyẹn ló ń kọ mí lóminú jù. Igi apá ni ìdí ìbọn baba mi, ọwọ́ ti mú un dán bí ẹni fi epo pa á.

Awò ìfojúsùn tó máa ń bá Axis XP (Savage Axis tí wọ́n ń tà pẹ̀lú awò lórí) wá ńkọ́, ṣé ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, àbí kó kúkú ra òmíràn?