Ìdáhùn: “kọfí àpọntà” kẹ̀? Ta ló pọn ọ́n?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n wa ará Mọ́kọ́lá ní kí a máa pe àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe sí kọfí tí wọ́n ń tà nínú ife ní “ìdánwò ààbò kọfí àpọntà”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ọtí là ń pọn. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ là ń pọn. Kọfí ńkọ́? Wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á da omi gbígbóná lé e lórí. Ẹ tún kọ ọ́ láìfàmì sí i, ẹnìkan ti kà á sí “àpọ́n tà”, ó ń bi mí bóyá àwọn àpọ́n nìkan ló ń tà á ní Bódìjà!

“Pọn” yìí ń ṣini lọ́nà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ìwúkàrà ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, acrylamide, èròjà aṣeniléṣe tí wọ́n ń wá nínú kọfí, èyí tí àwọn ará Sweden kéde ní 2002 pé ó wà nínú oúnjẹ, ìgbà yíyan ló ti ń wọlé. Oró ochratoxin ńkọ́? Ara kọfí tí wọn ò sá gbẹ dáadáa tó fi bu ni. Kódà ní 2016, nígbà tí IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, yọ kọfí kúrò lára ohun tí wọ́n ń fura sí pé ó ń fa jẹjẹrẹ, ohun mímu tó bá gbóná ju ìwọ̀n 65 Celsius lọ ni wọ́n tún kọjú sí. Èwo ló kan pípọn nínú gbogbo èyí?

“Ààbò kọfí” tún nìyẹn. Ta ló fẹ́ jí i gbé? Ọlọ́dẹ ló ń pèsè ààbò, ọmọ ilé-ìwé ló ń ṣe ìdánwò. “Àyẹ̀wò àìléwu kọfí àsètà” ni tèmi, bí a ṣe ń wí àsèjẹ. Ẹni tó ní “àìníewu” ló yẹ, kó lọ tún gírámà kà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní “po” ni àwọn ìyá wa ń wí. Òótọ́ ni, ìyá mi àgbà ò sọ òmíràn rí: “Ẹ po kọfí fún bàbá yín.” Ṣùgbọ́n ti inú agolo, tó ń yòrò lójú ẹsẹ̀, nìyẹn, èyí tí ẹ̀rọ ń sè kì í ṣe pípo. Ẹni tó bá fẹ́ “àpotà”, kó wá jà fún un fúnra rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n sì ní àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí mi. Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ níbí, kọfí sì wà lára iṣẹ́ wọn. Ẹ lọ bi wọ́n bóyá ẹnìkan ń pọn ọ́n níbẹ̀.