Ìrìn Avebury: a ti lọ, a ti dé

Ẹ ṣeun o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo béèrè ibi tí ẹni tí kò ní mọ́tò lè rìn lópin ọ̀sẹ̀ ní Wiltshire, ní England. Avebury la lọ, abúlé tí àwọn òkúta ńlá tí àwọn ará àtijọ́ gbé nàró wà. Ọkọ̀ ojú irin gbé wa dé Swindon, bọ́ọ̀sì sì gbé wa débẹ̀. Ẹ lè fọwọ́ kan àwọn òkúta ńlá ibẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Silbury Hill, òkè kan nítòsí ibẹ̀ tí àwọn èèyàn fọwọ́ mọ ní nǹkan bí 4,400 ọdún sẹ́yìn, wọn ò jẹ́ kéèyàn gùn ún. Ibojì àtijọ́ tó ń jẹ́ West Kennet, nítòsí ibẹ̀ náà, ló wù mí jù: a wọnú rẹ̀, ó ṣókùnkùn birimù, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Ẹrẹ̀ pọ̀ lọ́nà. Ẹni tó ní ká lọ sí Lacock, abúlé mìíràn ní Wiltshire, ó di ìgbà mìíràn. Ìbéèrè mi parí síbí.