A fẹ́ kó lọ sí káúńtì Macon ní Alabama, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Houston:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ dákun, ọkọ mi ti ríṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn dókítà ẹran ní Tuskegee University, oṣù kẹjọ la máa kó. Houston la ti ń gbé látọjọ́ tá a ti wọ Amẹ́ríkà, ìgbà tí mo wá wo ibẹ̀ lórí máàpù, igbó ni mo rí, oko ni mo rí, àti títì márosẹ̀ kan tó gba ibẹ̀ kọjá. Káúńtì Macon ni wọ́n pè é, bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa nílé. Ṣé èèyàn ń gbé ibẹ̀ ṣá? Ilé ńkọ́, ọsibítù ńkọ́? Àwọn ìbejì mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ọkàn mi ò balẹ̀.

Bàbá Notasulga:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire o, iṣẹ́ náà á tura. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń gbé káúńtì yìí, ẹ jẹ́ n sọ èyí tí mo mọ̀. Èèyàn ń gbé ibẹ̀, wọn ò kàn pọ̀ ni. Nígbà tí ìjọba kànìyàn ní 2020, 19,532 ni gbogbo wa, ìlú Tuskegee tó jẹ́ olú ìlú káúńtì ò sì ju 9,395 lọ, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ káúńtì náà fẹ̀ tó 613 máìlì níbùú lóòró. Ní 1980, 26,829 ni wọ́n, torí náà tẹ́ ẹ bá rí ilé tó ṣófo tí koríko ti bò, ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe pé nǹkan burúkú kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ ló kàwé tán tí wọ́n gba Atlanta, Montgomery tàbí òkè àríwá lọ, àwọn òbí sì ti dàgbà. Nínú èèyàn mẹ́wàá, bíi mẹ́jọ ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Àwọn ọmọ yín ò ní jẹ́ àjèjì nínú kíláàsì, ìyẹn nìkan tó nǹkan fún èmi.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe di bẹ́ẹ̀ torí ó máa wúlò fún yín tẹ́ ẹ bá ń wá ilé. Àwọn Creek, ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pe ara wọn ní Muscogee, ló nilẹ̀ yẹn. Ní 1832 ni ìjọba Amẹ́ríkà mú kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé tó gba ilẹ̀ wọn tó kù níbẹ̀, ọdún yẹn náà ni wọ́n dá káúńtì sílẹ̀, wọ́n fi orúkọ Nathaniel Macon tó jẹ́ sẹ́nátọ̀ North Carolina sọ ọ́, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi lé àwọn onílẹ̀ lọ sápá ìwọ̀ oòrùn lọ́hùn-ún. Orúkọ àwọn odò nìkan ló kù, Uphapee, Calebee, Opintlocco, ẹ máa rí i lára àwọn bọ́ọ̀dù lórí afárá. Àwọn òyìnbó olóko òwú wá kó ẹrú dé, torí ilẹ̀ dúdú ni, ó lọ́ràá, òwú ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Black Belt ni wọ́n ń pe gbogbo agbègbè yẹn, ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi orúkọ yẹn pè, nígbà tó yá ó di orúkọ ibi táwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí.

Ibi tó ti kàn yín nìyí o. Ilẹ̀ dúdú yẹn, lápá gúúsù káúńtì, amọ̀ tó nípọn ni, omi kì í tètè wọ inú ẹ̀. Ilé tí kò bá sí láàárín ìlú, sọ́kawé ló máa ń lò, tí òjò bá rọ̀ ní March ilẹ̀ á yó fún omi, ìdọ̀tí á máa padà wá sókè nínú ilé ìwẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa nílé tá a kọ́kọ́ rẹ́ǹtì, ìyàwó mi wà nínú oyún nígbà yẹn, ẹni tó fún wa nílé ò sì sọ nǹkan kan. Torí náà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ béèrè, ṣé omi ẹ̀gbin ìlú ni àbí sọ́kawé, ọdún wo ni wọ́n fa sọ́kawé náà gbẹ̀yìn, ẹ rìn lọ sẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ tójò bá rọ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀. Apá òkè lọ́dọ̀ wa ní Notasulga, yanrìn àti ilẹ̀ pupa ló pọ̀, omi ń wọlẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Opelika:
Ẹ kú iṣẹ́ o Bàbá. Ìyá Ìbejì, lórí ọ̀rọ̀ ọsibítù. Ọsibítù kan wà nínú ọgbà yunifásítì yẹn tẹ́lẹ̀, John A. Andrew lorúkọ ẹ̀, wọ́n tì í ní 1987. Èyí tó wà ní Tuskegee báyìí tó tóbi, ti àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni, látọdún 1923 ló ti wà, kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Kílíníìkì wà o, àmọ́ tọ́mọ bá ní gìrì lóru, Opelika níbí lẹ̀ ń gbé e bọ̀, ìrìn bíi ìdajì wákàtí ni, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́ ẹ bá jìnnà sí títì I-85. Torí náà tẹ́ ẹ bá ń wá ilé, ẹ wá èyí tó sún mọ́ I-85, kẹ́ ẹ kọ àdírẹ́sì ilé yín gadagba sára ọ̀nà àbáwọlé kí áńbúláǹsì lè rí i lóru, iná títì ò sí lọ́nà oko.

Mo tún fẹ́ sọ nǹkan kan torí mo máa ń lọ tọ́jú àwọn àgbà nílé wọn ní Macon. Tẹ́ ẹ bá bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa dókítà tàbí abẹ́rẹ́, tẹ́ ẹ rí i pé ojú wọn yí padà, ẹ má pè é ní àìmọ̀kan. Láti 1932 títí di 1972, ogójì ọdún gbáko, àwọn elétò ìlera ìjọba àpapọ̀ ń wo nǹkan bí 600 ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní káúńtì yìí, 399 nínú wọn ló ní àrùn sífílísì, èyí tí èèyàn ń kó nípasẹ̀ ìbálòpọ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wọn ni kò dáa, wọn ò sọ orúkọ àrùn náà fún wọn, kódà lẹ́yìn tí pẹnisílínì ti wà tó lè wò wọ́n sàn, wọn ò fún wọn. Wọ́n ń wò wọ́n títí wọ́n fi ń kú ni, àwọn kan lára ìyàwó wọn náà kó o. Ààrẹ Clinton tọrọ àforíjì ní May 1997, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló ṣì wà láàyè. Àwọn ọmọ àtàwọn ọmọ ọmọ wọn ni mò ń wọn ìfúnpá fún. Mo máa ń jókòó, màá ṣàlàyé oògùn kọ̀ọ̀kan, màá jẹ́ kí wọ́n ka lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀ fúnra wọn kí n tó fún wọn. Ó ń gba àkókò, mi ò sì lè ṣe é lọ́nà míì.

Ọmọ Ìbàdàn, Atlanta:
Ẹ má gbàgbé aago o!! Alabama fi wákàtí kan lọ sẹ́yìn Georgia. Texas tẹ́ ẹ ti ń bọ̀ àti Alabama, aago kan náà ni, torí náà ẹ ò ní mọ̀ títí ẹ ó fi máa lọ wọ bàálù ní Atlanta. Wákàtí méjì lẹ máa wakọ̀ láti Tuskegee, bíi 125 máìlì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá kúrò ní aago méje àárọ̀, aago mẹ́wàá lẹ máa bá ní ẹ́pọ́ọ̀tì. Ẹ̀gbọ́n mi pàdánù ìsìnkú bàbá wa nítorí bàálù tó fò lọ báyìí, títí dòní ó ṣì ń dùn ún. Àwọn ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Georgia, bíi Phenix City àti Lanett, Alabama ni wọ́n o, àmọ́ aago Georgia ni wọ́n ń lò, torí náà tẹ́ ẹ bá ní àpọ́íńtímẹ́ǹtì lọ́hùn-ún ẹ béèrè, aago ta ni? Ẹlúbọ́, ẹ̀gúsí, pọ̀nmọ́, ẹ wá máa rà á lọ́dọ̀ wa níbí lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kẹ́ ẹ ní fírísà ńlá. Mọ́tò méjì lẹ nílò pẹ̀lú, torí kò sí bọ́ọ̀sì bíi ti Houston.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Háà, ẹ ṣé gan-an. Ọkọ mi ń ka gbogbo ẹ̀ léjìká mi níbí. Ó ní ṣé ó dáa ká ra ilẹ̀, torí ó rí i pé owó ẹ̀ ò pọ̀.

Bàbá Notasulga:
Ó dáa, àmọ́ ẹ má kánjú. Ẹ̀yin mọ ilẹ̀ ẹbí nílé, bàbá kú kò ṣèwé, ilẹ̀ di ti gbogbo ọmọ, ọmọ kan lọ tà á, àwọn tó kù yọjú. Ohun kan náà gan-an ló wà níbí. Àwọn baba ńlá wọn tó kúrò lóko ẹrú ra ilẹ̀ náà pẹ̀lú òógùn ojú wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gbẹ́kẹ̀ lé kóòtù òyìnbó tó lè fi ìwé ìhágún sílẹ̀, torí náà ilẹ̀ kan lè ní ogójì onílẹ̀, ọ̀kan ní Detroit, ọ̀kan ní Chicago. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì probate ní kóòtù Tuskegee, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi ìwé ilẹ̀ pamọ́ sí, ẹ gba lọ́yà kó tọ ìtàn ilẹ̀ náà sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ tó wà ní káúńtì Lee tàbí Bullock lẹ rí, ìwé ẹ̀ àtijọ́ lè wà ní Macon níbí, torí ní 1866 wọ́n gé lára Macon dá méjèèjì sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ra ilé tán, kó tó di 31 December ẹ lọ sọ fún ọ́fíìsì owó orí ilé pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ̀ ń gbé inú ẹ̀. Ní Alabama, ìdá 10 nínú 100 iye ilé ni wọ́n máa fi ṣírò owó orí onílé tó ń gbénú ilé ẹ̀, tẹ́ ẹ bá dákẹ́, 20 ni wọ́n máa fi ṣírò ẹ̀.

Ẹ tún sọ pé ẹ wo máàpù. Máàpù Tuskegee yẹn ti fa ẹjọ́ rí o. Onígun mẹ́rin ni ìlú náà tẹ́lẹ̀, nígbà táwọn aláwọ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ní 1957 ilé aṣòfin Alabama tún ààlà ìlú yà, ó di onígun 28, wọ́n yà á gba ẹ̀yìn ilé àwọn èèyàn títí tí bíi 400 aláwọ̀ dúdú tó lè dìbò fi bọ́ síta, tó ku mẹ́rin tàbí márùn-ún. Charles Gomillion tó ń kọ́ni ní yunifásítì tí ọkọ yín ń lọ yẹn ló gbé wọn lọ kóòtù, Fred Gray ló ṣe lọ́yà ẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a láre ní 1960. Ní 1966 wọ́n dìbò yan Lucius Amerson, aláwọ̀ dúdú, ṣe ṣẹ́rífù, ìyẹn olórí ọlọ́pàá káúńtì. Mo máa ń rántí ìyẹn tí mo bá fẹ́ dìbò, mo ti di ọmọ ìlú báyìí, kì í ṣe ìdìbò kékeré ni mo jogún.

Ìjì líle ńkọ́, ìyẹn ò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní 3 March 2019 èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní Macon wọ Lee, ó pa èèyàn 23 ní Beauregard. Ẹ má fi àwọn ọmọ sínú ilé alágbèéká o, bó ti wù kí owó ẹ̀ kéré tó. Ẹ wá ilé tó ní yàrá kan láàárín tí kò ní fèrèsé, ẹ kó ọmọ síbẹ̀, ẹ wọ bàtà fún wọn. Tí fóònù bá sọ “watch”, ẹ múra sílẹ̀. Tó bá sọ “warning”, ẹ wọ yàrá lójú ẹsẹ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Opelika:
Bàbá, ẹ ò sọ ti Notasulga tiyín fún wọn.

Bàbá Notasulga:
Òótọ́ ni. Ní Notasulga ni wọ́n bí Zora Neale Hurston, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú, ní 1891. Obìnrin yẹn ló lọ jókòó ti Kossola lẹ́bàá Mobile ní 1927 àti 1928. Ọmọ Yorùbá ni Kossola, láti Bantè ní ilẹ̀ tó di Benin lónìí, àwọn ọmọ ogun Dahomey mú un, wọ́n tà á, ọkọ̀ Clotilda ló gbé e dé Alabama ní 1860, nígbà tí òfin ti ka òwò ẹrú láti òkè òkun léèwọ̀ tipẹ́tipẹ́. Ó sọ bí wọ́n ṣe mú un àti bí ìlú ẹ̀ ṣe rí fún un, ìyẹn náà kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé ọmọ tí wọ́n bí ládùúgbò wa ló bá wa gbọ́ ohùn ẹni tiwa.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Omi bọ́ lójú mi. Ẹ ṣé, Bàbá. Òpin July la máa wá wo ilé.

Bàbá Notasulga:
Ẹ má gba òtẹ́ẹ̀lì. Yàrá wà nílé wa, ìyàwó mi ti ní kí n béèrè, ṣé àwọn ìbejì ń jẹ ata?